Ohùn Tí Kì Í Ṣe Tirẹ̀

"Ṣí kámẹ́rà rẹ, kí n rí ojú rẹ," ni olùkọ́ wí láti inú fóònù.

Ìdánwò àfẹnusọ ni ọmọbìnrin kan fẹ́ ṣe lórí ayélujára. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀gbọ́n sún mọ́ fóònù, ó ṣe bí ẹni pé òun ni àbúrò, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí ò dáa. Tí mo bá ṣí i, ohùn mi á máa já."

"Kò burú. Bẹ̀rẹ̀."

Ni ẹ̀gbọ́n bá ń sọ̀rọ̀ geere nípa àǹfààní àti àléébù ẹ̀kọ́ orí ayélujára. Àbúrò ló kọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni kò lè gbé e jáde. Ó gbé ìwé náà dání kí ẹ̀gbọ́n lè máa wò ó. Ní pálọ̀, ìyá wọn ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, kò mọ nǹkan kan.

Akólòlò ni ọmọ náà. Nígbà tó ṣì ń lọ sí kíláàsì, bó bá dìde láti dáhùn ìbéèrè, àwọn tó jókòó lẹ́yìn á máa kà á: "Oókan, eéjì, ẹẹ́ta…" títí ọ̀rọ̀ á fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kà á dé ẹẹ́tàdínlógún, ó sunkún délé, ó ní òun ò lọ mọ́. Ìyá ṣàánú rẹ̀, ó fi í sí ẹ̀kọ́ orí ayélujára tí ilé ẹ̀kọ́ náà ní, lọ́dọ̀ olùkọ́ tí kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Títẹ̀ ló ń tẹ ìdáhùn ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín. Máàkì rẹ̀ gòkè, ara tù ú bí ẹni tó bọ́ bàtà tó fún un lẹ́sẹ̀. Àfi ìgbà tí wọ́n ní ìdánwò tó kàn, ẹnu ni wọ́n máa fi ṣe é.

Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn ìdánwò tí ẹ̀gbọ́n bá a ṣe, èsì dé: márùndínlọ́gọ́rùn-ún! Olùkọ́ fi kún un pé ọmọ náà ló máa sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo òbí ní ọjọ́ Ẹtì, nílé ẹ̀kọ́, lójúkojú.

Inú ìyá dùn ṣìnkìn. "Ọmọ mi ti ń sọ̀rọ̀!" Kíá ló gbé téèpù, ó ń wọn ìbàdí rẹ̀ fún aṣọ tuntun. Ọmọ náà dúró gbagidi. Ṣe ni téèpù yẹn dà bí okùn lára rẹ̀.

"Sọ pé ara rẹ ò yá," ni ẹ̀gbọ́n sọ sí i létí.

"T-tí wọ́n bá tún p-pè mí ńkọ́?"

Irọ́ ti fẹ́ bí irọ́ mìíràn.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, àbúrò dá lọ sílé ẹ̀kọ́, ó kan ilẹ̀kùn kíláàsì. "Kí lo fẹ́ sọ?" ni olùkọ́ bi í. "Sọ ọ́ níbẹ̀."

"M-m-mà, è-è-è…"

"Oókan, eéjì," ni ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn. Ọmọ náà fẹ́ sá, ṣùgbọ́n kò sá. Wọ́n kà á dé ẹẹ́sàn-án.

"Èmi k-kọ́ ni mo ṣe ìdánwò yẹn. Ẹ̀-ẹ̀gbọ́n mi ni."

Ojú olùkọ́ le. "Òdo ni máàkì rẹ. Ẹlòmíràn ló máa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì."

Nílé, nígbà tó jẹ́wọ́ fún ìyá, ìyá ká aṣọ tí kò tíì rán tán sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Pé o kólòlò ò dùn mí rí," ló wí fún un. "Irọ́ tí mo ń yọ̀ lé lórí, tí ẹ̀yin méjèèjì sì ń wò mí, ló dùn mí."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, olùkọ́ gbà kó tún ìdánwò náà ṣe níwájú kíláàsì. Ó pẹ́ kó tó parí, àwọn kan sì rẹ́rìn-ín. Méjìléláàádọ́ta ló gbà.

"Fóònù ò ṣẹ̀ ọ́," ni olùkọ́ sọ fún un. "Ó kọ́ ọ níwèé dáadáa. Ìwọ lo sọ ọ́ di ibi ìsápamọ́. Máa wá síbí lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí ẹnu rẹ náà lè kẹ́kọ̀ọ́."

Ó sì ń lọ. Ó ti wá yé e pé ì báà jẹ́ orí fóònù, ì báà jẹ́ inú kíláàsì, ẹni tó bá ní kí ẹlòmíràn bá òun kọ́ ẹ̀kọ́, ẹlòmíràn náà ló máa mọ̀ ọ́n.