Àpótí Tí Olè Kò Rí Inú Rẹ̀

Àyè òfìfo kan ni opó Baba Onítàn bá nígbà tí ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí ọkọ rẹ̀ ń kó ìwé sí. Olè tó wọlé náà mọ ohun tí ó ń wá. Kọ́kọ́rọ́ wà lójú ihò rẹ̀, ìgò tàdáwà wà ní ìdúró, awò ojú olóògbé sì wà lórí aṣọ pélébé tí ó fi ń nù ún. Ìdì ìwé aláwọ̀ ewé tí a fi okùn pupa dì nìkan ni kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni Baba Onítàn fi wà lẹ́nu rẹ̀. Ìdí rẹ̀ náà ni ó jókòó sí ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí àìsàn dá a gúnlẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kò sì padà. Opó náà wo òfìfo yẹn títí. Lẹ́yìn náà ni ó fi ìdí lé àpótí igi tó wà lẹ́bàá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ní, "Ọkọ mi tún kú nìyí."

Oṣù mẹ́jọ kọjá. Ní ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé tí ó ti ń tẹ ìwé Baba Onítàn jáde láti ọjọ́ pípẹ́, obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Alámì, nítorí pé kò sí àmì ohùn tí ó lè sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọdún méjìlélógún ni ó ti fi ń yẹ ìwé àwọn ẹlòmíràn wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Òun náà ti kọ ìtàn mẹ́ta. Yàrá ìkẹ́rù ni wọ́n wà, nínú páálí, eruku sì ni aṣọ wọn.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà ju ìdì ìwé kan sí iwájú rẹ̀, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Ìwé tuntun Gbajúmọ̀ nìyí. Fọwọ́ kíá mú un."

Ara Alámì bù máṣọ. Gbajúmọ̀ ni ọkùnrin tí ó fi ọdún mẹ́sàn-án kọ́ṣẹ́ ìwé kíkọ lọ́dọ̀ Baba Onítàn. Ìwé méjì ni ó ti kọ, tí àwọn méjèèjì fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìẹ. Síbẹ̀, nítorí pé ẹnu rẹ̀ dùn, tí aṣọ sì ń yẹ ẹ́, àwòrán rẹ̀ kò kúrò lójú ìwé ìròyìn. Alámì mú gègé pupa rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀ ẹni tí ó fẹ́ rí àbùkù.

Kò rí àbùkù. Nígbà tí ó dé orí kẹta, ó ti gbàgbé láti fi àmì sí ọ̀rọ̀. Ìtàn ìyàwó ọkùnrin kan tí ń tún aago ṣe ni, obìnrin tí ó ń gbé àpótí kan láti ilé dé ilé láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí inú rẹ̀. Gbólóhùn ń tẹ̀lé gbólóhùn bí ìgbà tí omi bá mọ ọ̀nà odò. Ìlara bu Alámì jẹ níkùn bí ebi. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, "Báwo ni eléyìí ṣe wá mọ̀ ọ́n kọ tó báyìí?"

Orí karùn-ún ni ó ti rí ìdáhùn. Ọmọ obìnrin inú ìtàn náà kú, ìyá rẹ̀ kò sì sunkún. Ó kọ́kọ́ fọ ìkòkò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó wá sunkún. Alámì gbé gègé sílẹ̀. Ìwé Baba Onítàn mẹ́rin ni ó ti yẹ̀ wò rí, kò sì sí ẹnìkan nínú wọn tí ó sunkún láìkọ́kọ́ parí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ó gba yàrá ọ̀gá lọ tààrà. "Ọ̀gá, ìwé yìí kì í ṣe ti ẹni tí ó forúkọ sí i. Ti Baba Onítàn ni."

"Ẹlẹ́rìí rẹ dà?"

"Ojú mi ni, sà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Alámì, ìwé tìrẹ mélòó ló wà ní yàrá ìkẹ́rù?"

"Mẹ́ta, sà."

"Ta ní ń kà wọ́n?"

Ọ̀gá dá ara rẹ̀ lóhùn.

"Èkúté. Padà sídìí iṣẹ́ rẹ. Bí ìlara bá ń dà ọ́ láàmú, mu omi tútù lé e."

Alámì kò lè bínú, nítorí pé òótọ́ ni. Ìlara ń jẹ ẹ́ títí dé egungun. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń rìn lọ sílé, èrò kan sọ sí i lọ́kàn: kò sí ẹni tí í ka ìwé ènìyàn fínnífínní bí ẹni tí ó ń ṣe ìlara rẹ̀. Olólùfẹ́ a máa fo ojú ìwé. Onílara kì í fo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Ìwé náà jáde, ó sì tà bí omi. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ni àwọn òǹkàwé ní: orí kejìlá, tí í ṣe ìkẹyìn. Lẹ́yìn tí obìnrin náà ti gbé àpótí rẹ̀ la orí mọ́kànlá já, àpótí bọ́ sódò, ó rì, ìtàn parí. Ẹnìkan ní bí ẹni tí a pè síbi ìjókòó tí a sì fa àga kúrò ní ìdí rẹ̀ ló rí.

Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni Alámì lọ sọ́dọ̀ opó náà. Ó bá a nídìí ẹ̀rọ, ó ń rán aṣọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ìwé kan ha sọnù nínú ilé yìí bí?"

Ẹ̀rọ dákẹ́. Obìnrin náà sọ ti ìdì ìwé aláwọ̀ ewé fún un. Gbajúmọ̀ nìkan ni ó wọ yàrá náà nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn. Ó ní aṣọ ìwọ̀sùn ọ̀gá òun ni òun wá mú. Opó náà kò lè fura sí i. Bí ọmọ ni ó ti rí nínú ilé.

"Ṣé ẹ ti ka ìwé náà rí?"

"Èmi kì í kà á títí yóò fi parí." Opó náà fa àpòòwé kan yọ nínú agbọ̀n òwú. "Ìparí ni ọkọ mi máa ń kọ́kọ́ kọ. Yóò fi lẹ́ẹ̀dì, ìda tí a fi ń di àpòòwé pa, lẹ̀ ẹ́, yóò sì fi ránṣẹ́ sí mi láti ilé ìfìwéránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ yàrá kan náà ni a jọ ń gbé. Ó ní kí òǹtẹ̀ ìjọba jẹ́rìí ọjọ́ tí òun ti mọ ibi tí òun ń lọ. Bí ó bá kọ ìyókù tán, n ó bi í pé, 'Ṣé o débẹ̀?' Bí ó bá ní òun débẹ̀, a óò jọ ya àpòòwé, a óò sì wò ó bóyá òótọ́ ni."

Òǹtẹ̀ ara rẹ̀ ti pé ọdún mẹ́fà ó lé. Alámì na ọwọ́ sí i. "Màmá, ẹ jẹ́ ká ya á."

"Rárá, ọmọ mi. Kò sọ fún mi pé òun débẹ̀."

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ohùn Gbajúmọ̀ ni: "Ìyá mi àtàtà, ẹ kú iṣẹ́ o." Kíá ni opó náà ju aṣọ bo àpòòwé. Ọkùnrin náà wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó sì jókòó sórí àpótí igi bí ó ti máa ń ṣe. Ó ní òun ń kó lẹ́tà ọ̀gá òun jọ fún ìrántí. Ohunkóhun tó bá jẹ́ ìkọ̀wé ọwọ́ rẹ̀, ì báà ṣe bébà kan. Ìka rẹ̀ jìnnà sí aṣọ orí ẹ̀rọ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì péré.

"Kò sí nǹkan kan mọ́," ni opó náà wí.

Lẹ́nu ọ̀nà ni Gbajúmọ̀ ti fẹnu sí etí Alámì. "Ọ̀gá rẹ ti sọ fún mi. Ìlara ń pa ọ́ lọ. Bí o bá sọ ọ̀rọ̀ kan níta, ilé ẹjọ́ ni a ó ti pàdé."

"Ṣé ìwọ ni o kọ orí kejìlá yẹn?"

"Èmi ni mo kọ gbogbo rẹ̀."

"Ti orí kejìlá dá mi lójú," ni Alámì wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un, ó sì tà á lólobó pé obìnrin yìí mọ nǹkan. Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí opó náà wà lọ́jà òwú, ẹnìkan fọ́ fèrèsé rẹ̀ wọlé. Wọ́n ya ìrọ̀rí, wọ́n da agbọ̀n òwú nù, wọ́n tú kọ́bọ́ọ̀dù. Wọn kò rí àpòòwé, nítorí pé abẹ́ aṣọ àyà opó náà ni ó wà. Nígbà tí ó rí ìrọ̀rí ọkọ rẹ̀ tí wọ́n là bí ẹja, ó yí ẹsẹ̀ padà, ó sì gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ, Alámì ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó gbọ́ ẹjọ́ wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó yí àpòòwé náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò ya á. "Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó wà nínú àpótí, níwájú ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni a óò ṣí èyí." Opó náà mí kanlẹ̀, ó sì gbà.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Gbajúmọ̀ ń ka ìwé náà fún àwọn ènìyàn ní yàrá ìkàwé ńlá. Ó kún fọ́fọ́; opó náà àti Alámì wà láàárín èrò. Nígbà tí àyè ìbéèrè dé, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà dìde pẹ̀lú aṣọ ilé lọ́rùn, bí òǹkàwé kan lásán.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ló wà nínú àpótí?"

"Ó ti rì, ọ̀gbẹ́ni."

"Ó rì fún wa. Kò rì fún ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Gbajúmọ̀ náà rẹ́rìn-ín. "Wúrà ni. Wúrà ìyá rẹ̀."

Alámì dìde. "Lójú ìwé kẹrìndínlọ́gọ́ta, ọmọ ọdún mẹ́ta fi ọwọ́ kan gbé e."

"Lẹ́tà ni mo fẹ́ wí. Lẹ́tà ìfẹ́."

"Kí ló dé tí ó ń sá lẹ́tà sóòrùn? Kí ló dé tí ó fi kánfọ̀ sí i? Kí ló dé tí ìdérí rẹ̀ kì í pa dé mọ́ bí aládùúgbò bá ṣe ìgbéyàwó?"

Òógùn yọ níwájú orí ọkùnrin náà. "Òǹkọ̀wé kì í tú gbogbo àṣírí rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bá yín tú u," ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wí. Ó fi káàdì rẹ̀ hàn, ó sì gbé àpòòwé náà lé alábòójútó yàrá ìkàwé lọ́wọ́. Alábòójútó náà ka ọjọ́ ara òǹtẹ̀ sókè, ó fi lẹ́ẹ̀dì tí kò já han gbogbo ènìyàn, ó ya á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Àjákù aṣọ ló wà nínú àpótí. Aránṣọ ni ìyàwó alátùn-únṣe aago. Nínú gbogbo aṣọ tí ó rán fún ayọ̀ àwọn ẹlòmíràn, ó ń yọ ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan pamọ́. Ní ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú, ó so gbogbo wọn pọ̀, ó sì fi bò ó, tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí ilé kan ládùúgbò tí kò ní ìpín nínú aṣọ náà.

Opó náà dìde. "Àpótí mi ni," ni ó wí, kò gbé ohùn sókè. "Ọdún mẹ́sàn-án ni ìwọ ọmọ yìí fi jókòó lé e. O kò bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ló wà nínú rẹ̀."

Gbajúmọ̀ kò dúró gbọ́ tán. Ó bẹ́ sílẹ̀ lórí pèpéle, ó gba àárín pẹpẹ ìwé, ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn: wọ́n ti tì í. Ó gun fèrèsé. Ìṣó fèrèsé há mọ́ ṣòkòtò olówó iyebíye rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọlọ́pàá méjì ti bá a, ẹsẹ̀ kan nínú ilé, ẹsẹ̀ kan níta.

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni wọ́n ti fa ìdì ìwé aláwọ̀ ewé yọ, pẹ̀lú okùn pupa rẹ̀. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Alámì wà níbẹ̀ láti jẹ́rìí ìkọ̀wé ọwọ́ náà.

"Ìwọ ni o jí i?"

"Èmi ni."

"Fèrèsé ńkọ́?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé tí o kò sun ún, kí ẹ̀rí má bàa sí?"

Gbajúmọ̀ wo ìwé náà bí ẹni wo ọbàkan tí bàbá fẹ́ràn jù. "Ojoojúmọ́ ni mò ń kà á. Mò ń wá ibi tí ó ti fi gbọ́n jù mí lọ."

"O rí i?"

"Kò sí ibi tí kò sí."

Òtútù mú Alámì. Bí ẹni pé láti inú ìfun òun ni wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ náà jáde ni ó rí lára rẹ̀. Ìlara kan náà ni ó jẹ àwọn méjèèjì; ọ̀kan ti ọwọ́ bọ kọ́bọ́ọ̀dù, èkejì mú gègé pupa.

Ọ̀gá rẹ̀ pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ kejì. "Alámì, o ríran o."

"Ìlara ni, sà," ni ó dáhùn, ó sì gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Wọ́n tún ìwé náà tẹ̀, orúkọ ẹni tó ni ín sì wà níwájú rẹ̀. Alámì ni ó yẹ̀ ẹ́ wò, láti inú ìkọ̀wé ọwọ́ Baba Onítàn. Nígbà tí ó dé ìparí orí kọkànlá, ó rí ọjọ́ tí olóògbé kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: òwúrọ̀ tí àìsàn dá a gúnlẹ̀. Gbólóhùn tó kẹ́yìn níbẹ̀ àti èyí tó ṣíwájú nínú àpòòwé pàdé bí etí aṣọ méjì tí a ti wọ̀n.

Ó mú ẹ̀dà kìn-ín-ní lọ fún opó náà. Ẹ̀rọ ń lọ. Obìnrin náà kò gbójú sókè.

"Ṣé ó débẹ̀?"

"Ó débẹ̀, Màmá. Kò ráyè sọ fún yín ni."

Opó náà rán ojú aṣọ tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ tán. Ó já òwú, ó ká aṣọ náà sí mẹ́rin, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ni ó wá sunkún.