Kásẹ́ẹ̀tì Fádà Málákì

Moyọ̀sọ́rẹ ti kọrin dé ẹsẹ̀ kẹta kó tó rí Glory àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n dúró lẹ́bàá títì, tí wọ́n dì mọ́ ara wọn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni, níwájú ilé ọtí Ìyá Dárasími ní Emùré. Bàbá rẹ̀, Ọláníyì, fi gòjé òyìnbó ti abẹ́ àgbọ̀n, ó ń fà á kíkankíkan. Kúnlé àbúrò rẹ̀ ń fọn fèrè, Mojírádé ìyá wọn sì ń lu ìlù pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi awọ ewúrẹ́ bò. Orin awakọ̀ ojú omi kan ni, ẹni tó gbàgbé ọkọ̀ rẹ̀ sí èbúté nítorí ọtí, tí ìyàwó rẹ̀ sì fà á létí délé. Òyìnbó inú orin náà kò yé ìdajì àwọn tó ń mutí níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn mọ ibi tí wọ́n ti ń gbè é, wọ́n sì ń fi ìgò lu tábìlì.

Inú bí Moyọ̀sọ́rẹ sí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Èyí tó wá dùn ún jù ni pé inú bí i sí bàbá rẹ̀ náà, pẹ̀lú ṣòkòtò oko tó wọ̀ wá síbẹ̀.

Kò sí ìdílé mìíràn tó ń kọ irú orin yìí ní gbogbo agbègbè wọn, láti Ìkẹ́rẹ́ títí dé Ìsẹ̀. Nígbà tí Ọláníyì wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún, òun ni kúùkù Fádà Málákì, àlùfáà tó dá ilé-ìwé girama tí Moyọ̀sọ́rẹ ń lọ sílẹ̀. Ará Áyálándì ni Fádà, ará Sikọ́tílándì ni ìyá tó bí i. Bó bá ti jẹun tán, á gbé gòjé rẹ̀ jáde, á máa kọ orin ilé ọtí ìlú méjèèjì, kúùkù tó ń fọ àwo nínú kíṣìnì á sì máa gbè é kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Nígbà tí Fádà darúgbó, tó ń padà sí ìlú rẹ̀, ó fún kúùkù rẹ̀ ní gòjé náà. Òfin kan ṣoṣo ló fi lé e lọ́wọ́: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ ọ̀kan nínú orin wọ̀nyí láì kọ́kọ́ sọ ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ tiwọn nìyẹn. Nítorí náà, lọ́jọ́ gbogbo tí wọ́n bá jáde, Moyọ̀sọ́rẹ á sọ ọ́ ketekete kí orin tó bẹ̀rẹ̀: "Ẹnu bàbá mi ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹnu Fádà Málákì ni bàbá mi ti gbọ́ ọ."

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, òun ni wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀ ní kíláàsì. Glory ń fi ìkúùkù lu tábìlì bí ọ̀mùtí. Àwọn mìíràn ń bi í bóyá bíà ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ ní kékeré. Moyọ̀sọ́rẹ pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun kò ní bá àwọn òbí òun lọ sí ilé ọtí kankan mọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Ọ̀gbẹ́ni Adéwùnmí, tíṣà orin, pè é sí ọ́fíìsì. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì nígbà náà, gbogbo ilé-ìwé ló ń wá olùrànlọ́wọ́, tiwọn sì ti rí i: Màdámù Bríjẹ́ẹ̀tì, ọmọ àbúrò Fádà Málákì, ń bọ̀ wá wo ilé-ìwé tí Fádà dá sílẹ̀. Inú Moyọ̀sọ́rẹ dùn. Ó rò pé ìdílé wọn ni wọ́n fẹ́ pè wá kọrin.

Tíṣà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó bi í pé ṣé àgbẹ̀ tó ń kọrin fún àwọn ọ̀mùtí ló yẹ kó dúró níwájú àlejò ilé-ìwé. Ó ní òun yóò kó ọmọ márùn-ún jọ, òun yóò máa tẹ dùùrù, Moyọ̀sọ́rẹ yóò sì máa lé orin.

"Bí wọ́n bá bi ọ́, èmi ni mo kọ́ ọ," ló wí. "Oṣù tó ń bọ̀ la máa yan olórí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin. Orúkọ rẹ ni mo máa mú lọ fún ọ̀gá."

Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀. Ọkùnrin tí kò mọ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo nínú orin náà ló fẹ́ di ẹni tó kọ́ni. Inú bí Moyọ̀sọ́rẹ débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ṣùgbọ́n ó rántí Glory, ó rántí ìkúùkù lórí tábìlì, ó sì rò ó wò bí ojú wọn yóò ti rí nígbà tí wọ́n bá gbọ́ orúkọ olórí tuntun. Ó ní, "Ó dáa, sà."

Ìròyìn àlejò náà ti dé ilé ṣáájú rẹ̀. Ọláníyì ti fọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, ó ti sá a sórí okùn, ó jókòó, ó ń nu gòjé. Moyọ̀sọ́rẹ sọ fún un pé ilé-ìwé ní òbí kankan kò gbọdọ̀ wá. Irọ́ funfun báláú ni. Bàbá rẹ̀ gbé gòjé padà sínú àpótí.

"Kò burú," ló wí. "Bó o bá rí i, bá mi kí i. Sọ fún un pé Jósẹ́fù wà láyé, ó wà nínú ulé rẹ̀."

Jósẹ́fù ni orúkọ tí Fádà fi ṣèrìbọmi fún un. Kò sí ẹlòmíràn tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ní Emùré.

Ọjọ́bọ̀ ni Màdámù Bríjẹ́ẹ̀tì dé, arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé báàgì kékeré kan lé itan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin láì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọn kò tíì kọ ọ́ dé ìdajì tí omi fi lé ròrò lójú obìnrin náà. Nígbà tí wọ́n parí, ó dìde, ó di Moyọ̀sọ́rẹ lọ́wọ́ mú, ó sì bi í ní òyìnbó jẹ́jẹ́ pé ẹnu ta ló ti gbọ́ orin yẹn.

Moyọ̀sọ́rẹ wo tíṣà. Tíṣà wúkọ́.

"Ẹnu tíṣà mi ni, mà," ló wí.

Màdámù yíjú sí Ọ̀gbẹ́ni Adéwùnmí tìdùnnú-tìdùnnú. Ó ní kí Fádà tó kú, ó kọ gbogbo orin rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì kan, ó ní kí òun fi lé Jósẹ́fù kúùkù rẹ̀ lọ́wọ́. Ó bèèrè bóyá tíṣà mọ̀ ọ́n.

"Ó ti kú, mà," ni Adéwùnmí wí láì ṣẹ́jú. "Ó ti pẹ́."

Wọ́n fẹnu pa bàbá Moyọ̀sọ́rẹ lójú rẹ̀ báyìí. Ohun tó sọ ní ìṣẹ́jú kan ṣáájú ti dí i lẹ́nu. Bó bá ní bàbá òun kò kú, wọn yóò bi í pé ta wá ni bàbá rẹ̀, kí ló dé tí kò dárúkọ rẹ̀? Màdámù fọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú. Ó yọ kásẹ́ẹ̀tì náà nínú báàgì, ó ní kí tíṣà bá ilé-ìwé tọ́jú rẹ̀. Gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́.

Bí mọ́tò àlejò ti kọrí sí ọ̀nà Àkúrẹ́ ni Adéwùnmí kó àwọn akọrin rẹ̀ padà. Ó fẹ́ gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ó lè máa gbé e fún àwọn àlejò mìíràn gbọ́. Ó ki kásẹ́ẹ̀tì kan bọ inú rédíò, ó ní kí Moyọ̀sọ́rẹ kọ́kọ́ sọ ẹni tó kọ́ ọ, torí òun ti rí i pé ó máa ń wu òyìnbó. Ó sọ ọ́. Wọ́n kọ orin náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún un kọ, wọ́n kọ èyí tó kù, títí tíṣà fi ní ó tó. Ìbínú kò jẹ́ kí ọmọ náà gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Nígbà tó délé, Ọláníyì jókòó níwájú ilé, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà.

"Ṣé o bá mi kí i?"

Moyọ̀sọ́rẹ kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá rẹ̀ figbe ta. Bàbá rẹ̀ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà kúrò lọ́rùn.

"Mo jókòó nínú ulé mi, o jẹ́ kí wọ́n pa mí," ló wí. "Ibi tí wọ́n ti pa mí náà lo ti máa jí mi dìde lọ́la."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí gbogbo ilé-ìwé tò, Moyọ̀sọ́rẹ jáde síwájú láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu géètì.

"Jósẹ́fù kò kú," ló wí. "Òun ló dúró lọ́hùn-ún yẹn. Bàbá mi ni. Òun ló kọ́ mi, tíṣà kò kọ́ mi ní nǹkan kan. Mo parọ́, tíṣà náà parọ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ojú ti ọ̀gá ilé-ìwé, ó ní kí wọ́n gbé kásẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó ni ín. Adéwùnmí ní àṣìṣe kékeré ni, ó lọ mú un wá.

Wọ́n gbé e délé, Kúnlé ki í bọ inú rédíò, gbogbo wọn jókòó yí i ká. Dùùrù ló kọ́kọ́ dún. Lẹ́yìn náà ni ohùn Moyọ̀sọ́rẹ jáde ketekete: "Ẹnu Ọ̀gbẹ́ni Adéwùnmí ni mo ti gbọ́ ọ." Wọ́n sáré yí i síwájú, òun náà ni. Wọ́n yí i sí ojú kejì, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dá a padà, tí wọ́n jẹ́ kí orin àwọn ọmọ ilé-ìwé parí, ni wọ́n gbọ́ ikọ́ arúgbó kan, àti ọ̀rọ̀ mélòó kan: "Ó dàbọ̀, Jósẹ́fù." Rédíò dún pàá, ó dúró.

Nígbà tí wọ́n bi tíṣà, ó ní ohùn arúgbó náà ti há, kásẹ́ẹ̀tì gidi sì ni, òun kò fẹ́ kó ṣòfò, ìdí nìyẹn tí òun fi gba ohùn àwọn ọmọ lé e lórí. Kò sí ẹni tó fi ìyà kankan jẹ ẹ́. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi Glory ṣe olórí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin.

Ọláníyì kò na ọmọ rẹ̀, kò ṣépè fún un. Ó ní kí Kúnlé dá a padà síbi ikọ́ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbọ́ ọ, ó sì pa rédíò.

"Tíṣà yẹn ló pa ohùn Fádà rẹ́," ló sọ fún Moyọ̀sọ́rẹ, "ṣùgbọ́n ohùn tìrẹ ló fi pa á rẹ́."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Moyọ̀sọ́rẹ kọ lẹ́tà sí Màdámù Bríjẹ́ẹ̀tì, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà kò lè mú òkú kọrin lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń tijú ẹni tó kọ́ yín nítorí aṣọ tó wọ̀ àti ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, ẹ mọ̀ pé ìlẹ̀kùn ni ẹ ń ṣí sílẹ̀ fún olè. Bí olè bá wọlé tán, ohun tó bá bàjẹ́ kì í ṣe ti ẹni tí ẹ sẹ́ nìkan, tiyín náà ni.