Agogo Ẹni Tó Kẹ́yìn

Ọdẹ kan tó ń tọpa àgbọ̀nrín ló rí Anson Brede, ọ̀kan nínú àwọn eléré kẹ̀kẹ́ yunifásítì wa, láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nínú kòtò kan lórí òkè tó wà lókè ìlú wa, Juniper Fork. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti kán. Kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀ dùbúlẹ̀ tì í, yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì ti bo àwọn méjèèjì. Ó ṣì ń mí, ṣùgbọ́n àwọn dókítà kò lè búra pé yóò lajú mọ́.

Lorna Pruitt ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kan ṣoṣo tí àgọ́ ọlọ́pàá wa ní. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti máa ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, nítorí ilé tó dákẹ́ kò ṣeé jókòó sí. Ó gbé kọfí rẹ̀ sílẹ̀, ó sì wakọ̀ lọ sí ẹ̀yìn yunifásítì, níbi tí ẹgbẹ́ eléré kẹ̀kẹ́ ń gbé bọ́ọ̀sì wọn sí. Orí ọ̀dà, ìyẹn títì ọlọ́dà, ni àwọn ọmọ náà ti ń sá eré nígbà ìrúwé. Tí ewé bá ti ń pọ́n báyìí, wọ́n a gba orí òkè lọ. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìdíje tó ga jù nínú ti orí òkè, àyè ẹnìkan péré ló sì kù nínú àwọn tó máa lọ.

Tessa Moreland, balógun ẹgbẹ́, ń já èékánná rẹ̀ jẹ.

"A rò pé ó ti lọ sílé ni, mà."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Agogo ni." Ó nawọ́ sí agogo idẹ kékeré kan tó wà lórí ìkọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì. "Ẹni tó bá kẹ́yìn lókè ló ń so ó mọ́ kẹ̀kẹ́ ẹ̀, kó má bàa fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Tó bá sọ̀kalẹ̀ dé ẹsẹ̀ òkè tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró dè wá, á fi kọ́ síbí. Tá a bá ti rí i níbí, a ti pé nìyẹn, bọ́ọ̀sì lè gbéra. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, mà."

"Anson ló kẹ́yìn lánàá?"

"Òun ló máa ń kẹ́yìn. Kò sẹ́lòmíì tó fẹ́ ṣe é."

"Ẹ ò sì wò ó pé kò sí nínú bọ́ọ̀sì?"

"Ó máa ń gun kẹ̀kẹ́ ẹ̀ lọ sílé ní tiẹ̀. Kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀." Ohùn Tessa lọ sílẹ̀. "Àwa náà kì í fi bẹ́ẹ̀ bá a sọ ọ́."

Pruitt bi àwọn yòókù léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ wọn bára mu: wọ́n jọ sọ̀kalẹ̀ ni, wọ́n jọ lọ fọ kẹ̀kẹ́ létí odò, nígbà tí wọ́n sì padà, agogo ti wà lórí ìkọ́.

"Ta ni kò bá yín lọ?" ló bi Tessa.

"Garrick Lund nìkan. Òun àti Anson ló ń du àyè tó kù nínú ìdíje. Ó ní orí ọ̀dà lòun ń lọ."

Tessa ló mú un dé yàrá Garrick. Ọmọkùnrin náà wà lọ́dún tó kẹ́yìn ní yunifásítì, ara rẹ̀ sì yá mọ́ni.

"Ẹ wọlé, mà. Mo ti gbọ́. Ó mà ṣe o! Ṣùgbọ́n ẹ náà ẹ wò ó, ọmọ oko àgbàdo, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n bí i sí. Kí ló fẹ́ mọ̀ nípa kọ́nà orí òkè?"

"Ìwọ ńkọ́, ibo lo gùn dé lánàá?"

"Mo gba ojú ọ̀dà dé etí adágún, mo sì yí padà. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mi ò ti dé òkè."

"Òjò ò pa ọ́?"

"Rárá o. Òkè nìkan lòjò ti rọ̀."

Pruitt kò wo ojú rẹ̀. Ìdí ẹ̀rọ amúlégbóná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ló ń wò. Bàtà ọ̀dà wà níbẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Bàtà òkè, tó ní eyín nísàlẹ̀, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ki ìwé ìròyìn bọ̀ ọ́ nínú, bí gbogbo eléré kẹ̀kẹ́ ìlú wa ṣe máa ń ṣe sí bàtà tó bá rin. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ìwé kan yọ, ó sì fún un bí ẹni ń fún aṣọ tútù. Omi kán sílẹ̀.

"Bàtà tí kò dé òkè láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá," ó ní, "níbo ló ti rí omi mu?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Garrick.

"Anson ò sọ̀kalẹ̀, agogo ẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Agogo ò sì lẹ́sẹ̀. Àlejò tó bá rí i ò ní mọ̀ pé ìkọ́ yẹn ni wọ́n ń fi í kọ́, torí náà ọmọ ẹgbẹ́ ni. Àwọn yòókù jọ wà létí odò. Ìwọ lo kù. Ò ń lọ dán ọ̀nà òkè wò níkọ̀kọ̀, torí ìwọ àti Anson lẹ jọ ń du àyè kan yẹn. Ṣé ìwọ lo tì í?"

"Mi ò tì í! Ọlọ́run gbọ́, ó ti ṣubú kí n tó dé ibẹ̀." Ẹkún ti ń gbọ̀n ọ́n lóhùn. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí níbẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló tú agogo fún mi. Ó ní, 'Mú u fún wọn, wọ́n á mọ̀ pé mo ṣì wà lókè.'"

"O wá lọ fi kọ́."

"Mi ò bá ẹnìkankan nídìí bọ́ọ̀sì. Mo rí ìkọ́ yẹn... Ọdún tí mo máa lò kẹ́yìn rè é, mà. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, mo lọ bá wọn jẹun. Mo sọ fún ara mi pé, tẹ́nì kan bá bèèrè pé 'Anson ńkọ́?', màá sọ. Mo jẹ ẹ̀wà abọ́ méjì, mo ń retí. Ẹnìkan ò bèèrè."

Tessa fi ọwọ́ bo ẹnu lẹ́nu ọ̀nà. Pruitt yíjú sí i.

"Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, òótọ́ ni. Ẹ̀yin pọ̀, ẹ jẹ́ àwá dé, ẹ ò sì pé."

Wọ́n mú Garrick lọ. Láti ọjọ́ náà, tí iṣẹ́ bá ti parí, ilé ìwòsàn ni Pruitt ń yà sí kó tó lọ sílé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Anson lajú. Kò bèèrè ẹsẹ̀ rẹ̀, kò bèèrè kẹ̀kẹ́.

"Ṣé agogo dé ọ̀dọ̀ wọn?"

Pruitt fa àga sún mọ́ ibùsùn rẹ̀.

"Ó dé," ló wí.

"Mo mọ̀ pé wọ́n á wá mi wá," ni Anson wí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún sùn lọ. Pruitt di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì sọ fún un pé ọdẹ àgbọ̀nrín ló rí i.