Ẹni Tó Wọ Bàálù Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Bí ẹ bá ka èyí tán tí ẹ ní irọ́ ni, mi ò ní bá yín jà. Ẹ ṣáà wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀gùá, kí ẹ béèrè ilé Tíṣà Alfred. Sàréè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà. Ìwé ìrìnnà wà nínú ilé. Ohun tí àwọn tọ́rọ̀ kàn fi ẹnu ara wọn sọ ni mo kọ, mi ò fi iyọ̀ sí i.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Tíṣà Alfred fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò kó tó fẹ̀yìn tì. Kò bẹ̀rù ejò, kò bẹ̀rù ọ̀gá. Bàálù nìkan ló ń bà á lẹ́rù, bẹ́ẹ̀ kò sì wọ̀ ọ́ rí. Ó ní ìwé kékeré kan tó ń kọ gbogbo bàálù tó bá já sí, ní orílẹ̀-èdè yòówù kó jẹ́: ọjọ́, ìlú, iye òkú. Bí rédíò bá ti mẹ́nu ba bàálù, yóò ti máa wá bírò. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tí kò lówó bàálù, kí ló kàn án nínú bàálù tó já. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á sì máa kọ ọ́ lọ.

Ọdún tí ìjọba ti bodè pa lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Kí wọ́n tó tì í, ẹni tó bá ń lọ sí Kétu lódìkejì bodè kò ju kó gun ọ̀kadà lọ. Nígbà tí wọ́n tì í tán, sọ́jà kún ojú ọ̀nà, epo bẹntiróòlù di àwátì, gbogbo àdúgbò sì dákẹ́ rọ́rọ́. Àkókò náà ni Morádéyọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí Alfred àti Lábísí ìyàwó rẹ̀ bí, bí àkọ́bí tirẹ̀ sí Àbíjàn, níbi tí Nathaniel ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́.

Lọ́dọ̀ wa, ìyá ọlọ́mọ ló ń wẹ ọmọ tuntun. Òun ló ń na apá ọmọ, tó ń na ẹsẹ̀ rẹ̀, tó ń sọ ọ́ sókè tó sì ń hán an, kí ọmọ má baà di ojo. Lábísí ti ra ọṣẹ dúdú, ó ti ra òrí, ó ti ra kànhìnkànhìn. Nathaniel náà ti fi tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ránṣẹ́ sí i, láti Èkó sí Àbíjàn, ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Alfred kọ̀ jálẹ̀. Ó mú ìwé rẹ̀ jáde, ó ń kà á fún un láti ojú ewé dé ojú ewé. Lábísí ń gbọ́ ọ, ó ń ká aṣọ sínú àpò. Nígbà tó yá, ó béèrè ọ̀rọ̀ kan.

"Bàbá Morádéyọ̀, àwọn tí ọ̀kadà pa lójú ọ̀nà yìí lọ́dún yìí nìkan, ìwé wo lẹ kọ tiwọn sí?"

Alfred ní ìyẹn yàtọ̀. Ó ní ẹni tó bá jábọ́ lórí ọ̀kadà, ilẹ̀ ò jìnnà sí i. Lábísí ní Nathaniel ti ṣàlàyé fún òun pé bàálù tó ń gbéra lójúmọ́ kárí ayé kò lóǹkà, pé èyí tó ń já nínú wọn kò tó nǹkan rárá, pé awakọ̀ méjì ló ń wà á, pé wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní kó tó kúrò nílẹ̀. Ó ní Àúdù ọlọ́kadà ńkọ́, ta ló ń yẹ ọ̀kadà tiẹ̀ wò? Alfred bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, Lábísí kò rí ẹkún ọkọ rẹ̀ rí. Ó ní ó ti tó, òun á gba ọ̀nà ilẹ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn gan-an, Àúdù gbé e gba ọ̀nà fàyàwọ́ inú igbó. Kò tíì pé wákàtí kan tí mọ́tò kan tó kó kẹ́ẹ̀gì epo, tó ń sáré bọ̀ láìtan iná, fi pàdé wọn ní kọ́nà. Ẹsẹ̀ Àúdù kán. Lábísí kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ délé, Alfred fọwọ́ ara rẹ̀ pa ojú ìyàwó rẹ̀ dé. Wọ́n sin ín nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, nítorí kò sí epo tí ọkọ̀ kankan máa fi gbé òkú dé mọ́ṣúárì tó wà ní Ayétòrò. Kòkúmọ́, ẹ̀gbọ́n Lábísí, ló da yẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́. Òun náà ló kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tùfọ̀ fún ọlọ́mọ tuntun, kí omi ọyàn má baà gbẹ lára rẹ̀. Ó di ìgbà tí ogójì ọjọ́ bá pé. Gbogbo ilé gbà bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù Alfred dún. Morádéyọ̀ ni. Alfred ti to irọ́ tó máa pa sẹ́nu: ọ̀nà ò dára, Màmá ṣì ń bọ̀.

"Bàbá mi, ẹ ṣé o. Ẹ ṣé tí ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ bàálù. Wọ́n dé láyọ̀."

Alfred béèrè ẹni tó dé.

"Màmá ni. Wọ́n ń wẹ ọmọ lọ́wọ́."

Ó gbọ́ ọ. Ó gbọ́ omi tó ń dà. Ó gbọ́ àtẹ́lẹwọ́ lẹ́yìn ọmọ, pẹ́, pẹ́, pẹ́. Ẹkún ọmọ dúró díẹ̀, bó ṣe máa ń dúró nígbà tí wọ́n bá sọ ọmọ sókè, kí wọ́n tó hán an. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan wúkọ́. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni Alfred fi gbọ́ ikọ́ yẹn lórí ibùsùn kan náà.

Ó ní kí wọ́n gbé fóònù fún un. Morádéyọ̀ ní ọṣẹ wà lọ́wọ́ wọn.

Nathaniel ló gbà á. Ó ní òun fúnra òun lòun lọ pàdé wọn ní pápákọ̀ òfuurufú lánàá, pé ara wọn tutù díẹ̀, pé ó sì jọ pé ẹrẹ̀ pupa ta sí ìṣẹ́tí ìró wọn lọ́nà. Ó ní wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jẹun.

Àpò tí wọ́n gbé bọ̀ láti inú igbó wà lábẹ́ ibùsùn. Alfred ò tíì láyà láti tú u. Ó tú u. Ìwé ìrìnnà Lábísí wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ṣí i. Òǹtẹ̀ tuntun kan, ti pápákọ̀ òfuurufú Àbíjàn, wà nínú rẹ̀, ní èdè Faransé, déètì ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló sì wà lára rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín yàrá.

Ọ̀dọ̀ Kòkúmọ́ ló sá lọ. Àgbàlagbà náà gbọ́ ọ tán, ẹnu ò yà á tó bó ṣe yẹ. Ó kàn béèrè bóyá ó ti sọ fún ọmọ. Alfred ní rárá.

"Má sọ. Ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ bá ti sọ ọ́, ó ti lọ nìyẹn. Jẹ́ kó wẹ ọmọ."

Alfred pa ẹnu mọ́. Àràárọ̀ ló ń pè, tó ń fetí sí omi. Wọ́n sọ ọmọ náà lórúkọ, Olúwadárasími, wọ́n ní Màmá ló mú orúkọ náà wá. Nígbà mìíràn ó máa ń wù ú pé kí òun náà wọ bàálù lọ wò ó, ẹ̀ẹ̀kan péré. Bàálù ò tiẹ̀ bà á lẹ́rù mọ́. Ká ní ó já, kí ló kù tó lè bà jẹ́? Ṣùgbọ́n òun ni ẹni tó mọ̀. Bí ojú wọn bá ṣe mẹ́rin, ó lè lé e lọ. Ó jókòó sílé, ó ń sunkún, ó sì mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun lòun fi omijé lé ìyàwó òun sọ́nà igbó.

Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, Morádéyọ̀ pè. Ó ní Màmá ní iṣẹ́ àwọn ti parí, pé wọ́n ń bọ̀ lọ́la, bàálù ọ̀sán. Ṣé Bàbá á lè lọ pàdé wọn l'Ékòó? Alfred ní òun á lọ.

Àárọ̀ ló ti dé pápákọ̀ òfuurufú. Ó jókòó síbi tí àwọn èèyàn ti ń dúró de èrò. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ẹ̀rù pé bàálù máa já ló ń bà á. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rù pé ó máa balẹ̀ ló bà á. Ó ń gbàdúrà pé kó ṣì máa fò lókè níbẹ̀, kó má tíì dé, kí Lábísí ṣì wà lórí ìjókòó kan nínú ìkùukùu. Ṣùgbọ́n bàálù náà kò pẹ́, ó balẹ̀ jẹ́jẹ́ ní aago mẹ́ta kọjá díẹ̀, kò sí ohunkóhun tó ṣe é.

Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Alfred ń wò wọ́n lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin kan tó wọ híjáàbù yà sọ́dọ̀ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó béèrè bóyá òun ni Bàbá Morádéyọ̀. Ó ní ìgbà àkọ́kọ́ tí òun máa wọ bàálù nìyí, pé ẹ̀rù ń ba òun, pé Màmá tó jókòó ti òun ló di òun lọ́wọ́ mú láti ìgbà tí wọ́n ti gbéra títí wọ́n fi balẹ̀. Ó ní ọwọ́ wọn tutù, àmọ́ ó fi òun lọ́kàn balẹ̀.

"Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé ẹ̀rù ò ba àwọn, lálọ lábọ̀."

Lẹ́yìn náà ó bojú wẹ̀yìn. Ó ní ẹ̀yìn òun ni wọ́n wà báyìí, àbí wọn ò tíì jáde ni?

Fóònù Alfred dún. Morádéyọ̀ ń béèrè bóyá ó ti rí wọn.

"Gbé ọmọ fún Nathaniel," Alfred ní. "Kí o jókòó, ọmọ mi."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó sọ èyí tó jẹ́ ẹ̀bi tirẹ̀, kò fi ẹyọ kan pamọ́. Ọmọbìnrin náà ti lọ. Èrò ti tán lẹ́nu ọ̀nà, ẹnì kan ti ń nu ilẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀, tí ó ń gbọ́ igbe rẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ilẹ̀kùn náà.