Apá Òsì Àbẹ̀ḿbí

Ọjọ́ tí Ṣùkúrát kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù Gbádérọ̀ ní Agbowó, eegun ọwọ́ ló kó sínú àpò wá. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni. Gbádérọ̀ ló ń bá irú wọn fi wáyà so eegun tí wọ́n fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Kò kàwé ìṣègùn rí, síbẹ̀ ó to eegun wẹ́wẹ́ mẹ́jọ ọrùn ọwọ́ síbi tó yẹ wọ́n láìwo àwòrán. Ó di ọwọ́ Ṣùkúrát mú, ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dà, ó fi hàn án bí eegun apá tó wà níhà àtàǹpàkò ṣe ń gun èkejì rẹ̀ kọjá.

"Dókítà, ìwọ lò ń kàwé, èmi ni mò ń kọ́ ẹ."

Ṣùkúrát rẹ́rìn-ín. Kò tètè gba ọwọ́ rẹ̀ padà.

Ọdún méjì kọjá. Bàbá Ṣùkúrát kọ́kọ́ ní òun ò lè fọmọ fún ẹni tó ń bá òkú gbé, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó gbà. Gbádérọ̀ gan-an ni kò fẹ́ dá ọjọ́ ìgbéyàwó.

Àbẹ̀ḿbí, ìyá rẹ̀, ló jáde nílé wọn ní Àpáta lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn tí kò padà mọ́. Apá òsì ìyá náà ti kán rí nítòsí ọrùn ọwọ́, ó sì jinná ní wíwọ́. Gbádérọ̀ gbọ́ pé òkú tí kò lẹ́bí ni wọ́n sábà máa ń sọ di eegun ìkẹ́kọ̀ọ́. Ìdí tó fi kọ́ṣẹ́ nìyẹn. Kò sí apá tó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kì í fọwọ́ tọ́ wò.

"Ṣùkú mi, mi ò lè ṣe yìgì nígbà tí ìyá mi ò tíì ní sàréè."

Lọ́jọ́ Àlàmísì kan, Ṣùkúrát bá a ní ìjókòó, eegun apá ìhà àtàǹpàkò kan wà lórí itan rẹ̀. Eegun náà ti kán rí. Ó jinná ní wíwọ́.

"Bá mi wò ó, olólùfẹ́ mi. Òsì ni àbí ọ̀tún?"

Ṣùkúrát gbé e lé apá òsì ara rẹ̀, ó kọjú kókó kékeré tó wà lẹ́yìn eegun náà sókè. Ṣóńṣó ìsàlẹ̀ rẹ̀, tó yẹ kó wà níhà àtàǹpàkò, ń tọ́ka sí ìka kékeré. Ọ̀tún ni. Bí òun bá sòótọ́, orí ìjókòó yìí ni Gbádérọ̀ yóò wà títí ayé.

"Òsì ni," ó ní.

Gbádérọ̀ sunkún bí ọmọdé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé eegun náà wá yọ̀ǹda rẹ̀ fún wọn. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi aṣọ funfun dì í, áfáà ṣàdúà, wọ́n sin ín sí Àpáta. Oṣù kan lẹ́yìn náà, wọ́n so yìgì wọn.

Ọ̀sẹ̀ kejì ìgbéyàwó, Ṣùkúrát wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan yọ eegun apá láti ẹnu ọ̀nà.

"Ọ̀tún nìyẹn, Dókítà," Gbádérọ̀ wí láti ibi tó jókòó sí. "Òsì rẹ̀ dà?"

Kò tíì fọwọ́ kàn án rárá.

Ṣùkúrát wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ náà wò ó, ó rọra di ọrùn ọwọ́ òsì Ṣùkúrát mú.

"Èyí tá a sin, ìyá ẹnì kan ṣáà ni, Ṣùkú mi."

Lẹ́yìn náà ó gba apá òsì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà, ó ń fọwọ́ tọ́ ọ wò.