Ẹ́ńjìnì Fátókí

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá pè é ní irọ́, kó wọ mọ́tò láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí etí ọ̀sà, kó béèrè abúlé Ìdó-Ọ̀sà, kó sì wádìí lẹ́nu Fàtímọ̀ tó ń yan ẹja. Fàtímọ̀ lè purọ́ lórí iye ẹja tó tà, ṣùgbọ́n kì í purọ́ lórí ohun tó bá bà á lẹ́rù. Èmi náà ò ní fi iyọ̀ kún un. Ọbẹ̀ yìí ní iyọ̀ tirẹ̀.

Ní Ìdó-Ọ̀sà, kò sí obìnrin tí kò mọ ohùn ẹ́ńjìnì ọkọ rẹ̀. Ogún ọkọ̀ lè máa bọ̀ lójú omi lẹ́ẹ̀kan náà, ìyàwó yóò tẹ́tí, yóò mọ tilé rẹ̀ láàárín wọn. Bó bá ti gbọ́ ọ ni yóò gbé omi kaná. Kí ọkùnrin náà tó so ọkọ̀ mọ́ èèkàn, omi ẹ̀bà ti hó. Obìnrin tó bá gbọ́ ẹ́ńjìnì ọkọ rẹ̀ tí kò gbé omi kaná, ohun tó ń sọ ni pé kó má wálé. Àwọn àgbà ibẹ̀ kì í fi èyí ṣeré rárá.

Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í tú ẹ́ńjìnì ẹni tí omi bá gbé lọ kúrò lórí ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ohùn yẹn ni yóò fi mọ̀nà ilé.

Omi gbé Fátókí lọ ní ọdún 1981. Ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n rí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ń yí po lójú kan, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Àwọn kan ní tẹ́ńkì epo rẹ̀ ti gbẹ. Èmi ò sí níbẹ̀, mi ò ní bá wọn sọ ọ́. Wọn kò rí òkú rẹ̀ títí dòní.

Àmọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Nígbà tó di ọjọ́ kẹtàdínlógún, ó nu ojú, ó wọ inú ọkọ̀, ó fa okùn ẹ́ńjìnì. Wọ́n ní obìnrin kì í da àwọ̀n. Ó ní ta ló ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹja? Mojí, ọmọ wọn kan ṣoṣo, wà ní ilé ìwé girama ní Odògbolù, inú ọkọ̀ yẹn sì ni oúnjẹ àti ìwé rẹ̀ ti ń jáde.

Ọdún mẹ́ta ló fi lo ẹ́ńjìnì náà. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Tú-tú, yóò dákẹ́. Tú-tú, yóò dákẹ́. Bí arúgbó tó ń wúkọ́ ló ṣe ń ṣe. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó bá ti ojú omi dé, Àmọ̀kẹ́ ń gbé omi kaná de Fátókí. Ní ìgbà ọyẹ́ ọdún 1984, ẹ́ńjìnì náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín ọ̀sà. Ó fa okùn títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Afẹ́fẹ́ gbé e kiri fún odindi ọjọ́ kan kí àwọn apẹja abúlé kejì tó rí i.

Ṣíjúadé, ẹ̀gbọ́n Fátókí, wá bá a nílé ní ọjọ́ kejì. Kò jókòó.

"Ọkọ̀ tí kò bá lè jáde kí ọyẹ́ tó lọ, ọwọ́ mi ni yóò bọ́ sí. Ẹbí ti sọ ọ́."

"Yóò jáde."

"Ẹ́ńjìnì wo ni yóò fi jáde?"

"Tuntun."

Ṣíjúadé wò ó. "Ìyá Mojí, o mọ̀ pé a kì í tú u."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ẹ́ńjìnì yẹn pe Bàbá Mojí wálé, láàárọ̀, nírọ̀lẹ́. Ṣé etí wọn di ni? Ẹ ò fẹ́ kí n tú u, ẹ sì fẹ́ gba ọkọ̀ nítorí pé kò ṣiṣẹ́. Èwo nínú méjèèjì lẹ fẹ́?"

Ṣíjúadé gbé fìlà rẹ̀ sọ́wọ́, ó ní ohun tí ojú rẹ̀ bá rí, kó má pe òun sí i.

Àmọ̀kẹ́ ta góòlù ọrùn rẹ̀. Ó ta gbogbo aṣọ òfì tó gbé wá sílé ọkọ. Ó wọ mọ́tò lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, sí ìsọ̀ Walter, ọmọ tíṣà kan tó kẹ́kọ̀ọ́ ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá. Walter gbé ẹ́ńjìnì ńlá kan jáde fún un.

"Ìyá, ẹ mú èyí. Ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ni, ó ń wọ inú omi dáadáa. Ó lágbára."

"Níbòmíràn, ọ̀sà wa kò dé orókùn. Ṣé kí n máa fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ro iyanrìn ni? Gbé ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú jáde fún mi, jàre."

Walter rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kó rín in, torí kò rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tó dé Ìdó-Ọ̀sà.

Ọjọ́bọ̀ ló gbé ẹ́ńjìnì tuntun náà dé. Ọyẹ́ bo gbogbo ojú omi, ènìyàn kò rí òdìkejì. Walter tẹ̀ sínú omi, ó dojú kọ ìdí ọkọ̀. Ẹ̀mú méjì tó di ẹ́ńjìnì àtijọ́ mú ti dípẹtà, wọ́n ti jẹ wọ inú igi. Ó da karosíìnì sí i. Ó fi sípánà yí i, kò mira. Ó fi òòlù kàn án. Kò mira.

Àmọ̀kẹ́ ká ìró rẹ̀ sókè, ó wọ inú omi, ó gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá Mojí," ló wí, kò pariwo, "ó ti tó."

Ó yí i. Ó tú wọ́ọ́rọ́wọ́. Walter na ọwọ́ láti gbé ẹ́ńjìnì náà, ó sì yára fà á padà.

"Ìyá, ìgbà wo lẹ tan ẹ́ńjìnì yìí gbẹ̀yìn?"

"Ó di ọjọ́ mẹ́sàn-án òní."

"Ó gbóná."

"Oòrùn ni."

Àmọ̀kẹ́ gbójú sókè. Kò sí oòrùn.

Àkísà ni wọ́n fi gbé e dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, wọ́n tẹ́ ẹ sórí àpò. Walter yọ púlọ́ọ̀gì inú rẹ̀, ó fi lé Àmọ̀kẹ́ lọ́wọ́. Ó ní ẹ́ńjìnì tí kò ní púlọ́ọ̀gì, irin lásán ni. Àmọ̀kẹ́ dì í sí ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀, ó ta á ní kókó. Walter de tuntun mọ́ ọkọ̀, ó dán an wò, ó dára. Wọ́n ní kó jẹun, kò jẹ. Oòrùn ọ̀sán kò tíì yọ kúrò nínú ọyẹ́ tó fi lọ.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì, Àmọ̀kẹ́ jáde sójú omi. Ẹ̀ẹ̀kan ló fa okùn, ẹ́ńjìnì dáhùn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó dá rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́ta rèé tó ti ń fa okùn bí ẹni tó ń fa màlúù. Nígbà tó dé ibi tí omi kò ti jìn, lẹ́bàá koríko, ó pa ẹ́ńjìnì, ó gbé ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì sókè kúrò nínú omi, ó mú ọ̀pá, ó ń ti ọkọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀.

Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Ẹyẹ kan kò ké.

Tú-tú. Ó dákẹ́. Tú-tú. Ó dákẹ́.

Ọ̀pá dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Inú ọyẹ́ ni ohùn náà ti ń bọ̀, lápá ibi tí omi ti jìn. Ó sún mọ́ ọn. Kò rí ọkọ̀. Omi kò rú. Ohùn náà ń yí i po, ó lọ sápá ọ̀tún, ó gba ẹ̀yìn rẹ̀, ó yọ sápá òsì. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó fọwọ́ kan ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀. Púlọ́ọ̀gì wà níbẹ̀.

Ó rántí Ṣíjúadé. Ó rántí Mojí nínú aṣọ ilé ìwé. Ó gbé ọ̀pá sílẹ̀, ó mú àwọ̀n. Ó dà á. Ó fà á, ó tún un dà. Ẹja epìyà kún ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kó tó darí sílé. Ohùn náà tẹ̀ lé e lẹ́yìn títí dé etí omi. Nígbà tó pa ẹ́ńjìnì tirẹ̀, ìyẹn náà dákẹ́.

Fàtímọ̀ dúró ní èbúté, kò gbé agbọ̀n ẹja rẹ̀ dání.

"Ìyá Mojí, ẹ́ńjìnì méjì ni mo gbọ́."

"Ọ̀kan ni mo gbé lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé omi kaná."

"Ta ni n ó gbé e kaná fún?"

Fàtímọ̀ ń wo omi.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ohùn náà ti ń wá. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, yóò ti inú ọ̀sà bọ̀, yóò dúró níbi tí Fátókí máa ń so ọkọ̀ mọ́, yóò máa wúkọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Kò ní lọ, kò ní gúnlẹ̀. Ó ń dúró de omi gbígbóná. Gbogbo abúlé gbọ́ ọ. Àwọn ènìyàn ń ti ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́, ajá kò gbó mọ́.

Àmọ̀kẹ́ kò dáná. Kó má baà sí ẹni tí yóò rò pé omi ẹ̀bà ló gbé kaná, gàrí tútù ló ń mu, tàárọ̀, tọ̀sán, talẹ́. Ó pa iná ilé ìdáná, ó gbá eérú rẹ̀ dànù. Ó ń lọ sójú omi láràárọ̀, ó ń pẹja, Fàtímọ̀ ń bá a yan án.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, Ṣíjúadé wá. Lọ́tẹ̀ yìí, ó jókòó.

"Dá a padà sórí ọkọ̀."

"Mi ò dá a padà."

"Ìyá Mojí, gbé omi kaná fún un nígbà náà. Àbúrò mi ni."

Àánú rẹ̀ ṣe Àmọ̀kẹ́. Òun náà ti fẹ́ràn Fátókí, ó sì ń fẹ́ràn rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé bí òun bá gbé omi kaná lónìí, òun yóò gbé e lọ́la, àti ní ọ̀tunla, òun yóò sì máa jókòó ti iná títí ọjọ́ ayé òun. Ta ni yóò wá lọ sójú omi?

Ó dìde, ó jáde, ó rìn lọ sí etí omi. Ṣíjúadé dúró lẹ́nu ọ̀nà. Fàtímọ̀ ń yọjú lójú fèrèsé. Àmọ̀kẹ́ rìn títí omi fi mù ún dé ọrùn ẹsẹ̀. Ohùn náà wà níwájú rẹ̀, kò ju ibi tí ọwọ́ lè ju òkò dé lọ. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àyàfi òkùnkùn àti omi.

"Bàbá Mojí," ló wí. "Mo gbọ́ yín. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń gbé omi kaná lásán. Mi ò gbé e mọ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ilẹ̀kùn ò tì. Ẹ wọlé wá, kí ẹ gbé omi kaná fúnra yín."

Ohùn náà dákẹ́.

Wọ́n dúró. Ọ̀pọ̀lọ́ kan kò dún. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tutù, Àmọ̀kẹ́ yí padà, ó kí Ṣíjúadé pé ó dàárọ̀, ó wọlé, ó tẹ́ ẹní, ó sùn. Kò ti ilẹ̀kùn. Ó ti sọ pé òun ò ní tì í.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó dìde, ó lọ bu gàrí.

Ìkòkò wà lórí ààrò, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló gbé e síbẹ̀. Ó dé ìdérí. Kò sí igi lábẹ́ rẹ̀, kò sí eérú, ilẹ̀ ààrò náà tutù bó ṣe gbá a. Ó ṣí ìdérí. Omi náà ń hó.

Àmọ̀kẹ́ dúró, ó gbé ìdérí lọ́wọ́. Ó pe orúkọ ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ìdáhùn. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ́ńjìnì àtijọ́ wà lórí àpò rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án. Púlọ́ọ̀gì ṣì wà ní ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀.

Ó bu omi náà. Ó da gàrí sí i, ó tẹ ẹ̀bà, èyí tó tó ẹnì kan. Ó jókòó ti ààrò, ó fi ẹja yíyan jẹ ẹ́, kò yára, kò ṣẹ́ kù. Lẹ́yìn náà ó fọ àwo, ó ró aṣọ rẹ̀ dáadáa, ó gbé àwọ̀n lé èjìká.

Fàtímọ̀ rí i nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté. Ó ní kò bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀ẹ̀kan ló fa okùn, ẹ́ńjìnì tuntun dáhùn, ọkọ̀ wọ inú ọyẹ́. Fàtímọ̀ sáré wọ ilé ìdáná lọ wo ohun tó fa èéfín tó ń yọ láti ibẹ̀. Kì í ṣe èéfín. Omi tó kù nínú ìkòkò ló ṣì ń hó.