Ojú Ọkọ̀ Tó Ń Jowú

Lórí ìkúnlẹ̀ ni obìnrin náà wà nígbà tí Alámọ̀ kọ́kọ́ fojú kàn án. Ó wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn, ó kúnlẹ̀ síwájú ọkọ̀ tuntun ní gbọ̀ngàn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀, ó tẹjú mọ́ iná iwájú rẹ̀ bí ìyá tó ń bi ọmọ pé ta ló jẹ ẹran inú ìkòkò.

"Ojú ẹ̀ dáa," ni obìnrin náà wí, "àmọ́ ìdí ẹ̀ ti tóbi jù. Ta ló ṣe é?"

"Èmi ni." Iṣẹ́ Alámọ̀ nìyẹn. Kí wọ́n tó rọ irin ọkọ̀ kankan, òun ló ń fi amọ̀ mọ ọ́n ní gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀ gẹ́lẹ́. "Ẹ má bínú, ìdí yẹn náà ni gbogbo ilé ń kó ẹrù sí."

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀ròyìn ni, òun ló ń kọ èrò rẹ̀ nípa ọkọ̀ àti ọrọ̀ ajé sínú ìwé ìròyìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n ti jọ ń jẹun ọ̀sán lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń jiyàn lórí ilẹ̀kùn ọkọ̀ bí ẹni ń pín ogún. Akọ̀ròyìn ń pè é ní Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀, òun náà ń pè é ní Adájọ́ Mi.

Àfi bí ìjọba ṣe ní àwọn fẹ́ yọ owó ibodè kúrò lórí ọkọ̀ òkèèrè. Akọ̀ròyìn kọ ọ́ pé wọ́n fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún àlejò nígbà tí onílé ò tíì bọ́jú. Kò dá ilé iṣẹ́ sí o: ó ní ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ti ń kun ọkọ̀ kan náà ní ọ̀dà tuntun. Ọkọ̀ tuntun kan ṣoṣo ló kù tí wọ́n lè ṣe láti fi yọ ara wọn, Alámọ̀ ni wọ́n sì gbé amọ̀ rẹ̀ lé lọ́wọ́.

Ìgbà yẹn ni Onítáì yọjú. Ọkùnrin olùdámọ̀ràn ìjọba lórí ọrọ̀ ajé ni, táì kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó sì ń pe Akọ̀ròyìn láàárọ̀ lọ́sàn-án. Tó bá ti pè, Akọ̀ròyìn á dìde lórí bẹ́ǹṣì, á lọ fara ti ògiri, á máa rẹ́rìn-ín.

"Kí ló ń bá ẹ sọ gan-an?" ni Alámọ̀ bi í.

"Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Mi ò tíì lè sọ ọ́ síta."

"Ó dáa."

Kò dáa rárá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó rí àwọn méjèèjì nínú ilé kọfí, Onítáì ń ya nǹkan sórí ìwé, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ó padà sídìí amọ̀, ó ń gbẹ́ ẹ fún odindi ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní òun ò jowú. Ta ni òun fẹ́ máa jowú ẹ̀? Ẹni tó so okùn mọ́ ara ẹ̀ lọ́rùn bí ewúrẹ́?

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn ọ̀gá fẹ́ wá wo ọkọ̀ náà, Akọ̀ròyìn sáré wọlé tòun ti ìwé ìròyìn. Ìjọba ti sún ètò náà síwájú ní ọdún márùn-ún, kí àwọn ilé iṣẹ́ abẹ́lé lè tún ara wọn ṣe. Òun ló kọ́kọ́ gbé ìròyìn náà jáde. Ọ̀dọ̀ Onítáì ló ti gbọ́ ọ, wọ́n sì ti jọ ṣàdéhùn pé kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Àmọ́ bó ṣe rí ọkọ̀ amọ̀ náà, ẹnu yà á. Iná tó yẹ kó rí rogodo ti di tín-ín-rín, ó ń wò kọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́.

"Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀, ọkọ̀ yìí ń jowú."

Alámọ̀ wò ó. Òótọ́ ni. Ojú ara rẹ̀ ló ti ń gbẹ́ láti ọjọ́ mẹ́ta láìmọ̀.

"Ta ló ń jowú ẹ̀?"

"Onítáì."

Akọ̀ròyìn fi ìwé ìròyìn gbá a léjìká, omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Torí iṣẹ́ ẹ ni mo ṣe ń bá a sọ̀rọ̀! O ò lè bi mí?"

"Mo bi ẹ́."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré! Lo bá lọ fẹjọ́ sun amọ̀."

Ó ku wákàtí méjì káwọn ọ̀gá dé. Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀, wọ́n ń fi àtàǹpàkò ti amọ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, títí ojú ọkọ̀ náà fi là. Àwọn ọ̀gá dé, wọ́n yí i po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì gbà á.

Lórí bẹ́ǹṣì lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, amọ̀ ṣì wà léèékánná àwọn méjèèjì.

"Adájọ́ Mi, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Akọ̀ròyìn di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Màá fẹ́ ẹ. Àmọ́ lọ́jọ́ tó o bá tún jowú, èmi ni kó o sọ fún. Má sọ fún ọkọ̀ mọ́."